Àdúrà Bàbá Mi fún Ámósì Ará Amẹ́ríkà

Ẹ̀yin òǹkàwé mi ọ̀wọ́n, mo kí yín tìfẹ́tìfẹ́. Ẹ kú iṣẹ́ òòjọ́, ẹ kú ìtọ́jú ilé àti ọmọ. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tí ó jẹ́ kí ojú mi ṣì ríran kọ̀wé, tí ó sì jẹ́ kí n máa gbọ́ ikọ́ ọkọ mi láti yàrá kejì bí mo ti jókòó yìí. Bí ẹ bá kà á dé òpin, ẹ ó mọ ìdí tí mo fi ń dúpẹ́ nítorí ikọ́ lásán.

Ìtàn ìfẹ́ ni mo fẹ́ sọ, ṣùgbọ́n ẹ̀ṣẹ̀ wà nínú rẹ̀. Èmi ni mo dá ẹ̀ṣẹ̀ náà. N kò lè kọ ọ́ síta fún ayé kà nígbà tí bàbá mi wà láyé, nítorí ojú ń tì mí. Wọ́n sùn nínú Olúwa ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1969 yìí, ọ̀rọ̀ náà kò sì jẹ́ kí n gbádùn mọ́.

Ní ọdún 1957, tíṣà ni mí ní ilé ìwé àwọn Onítẹ̀bọmi ní Ìrókò. Ọmọ́ṣọlá lorúkọ mi, ọmọ ọdún méjìlélógún sì ni mí nígbà náà. Ìyá mi ti kú kí n tó gbọ́n. Bàbá mi, Dákónì Josiah Láoyè, ló tọ́ mi, pẹ̀lú àbúrò wọn obìnrin, Àǹtí Àjíkẹ́, tí gbogbo ìlú mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kì í pẹ́ lẹ́nu wọn kó tó jáde.

Nínú ọyẹ́ ọdún náà ni mọ́tò sinimá ìjọba wọ ìlú wa. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti fi àwòrán kọ́ àwọn ará oko bí a ti ń fín kòkó àti bí a ti ń se omi kí a tó mu ún. Lẹ́yìn ẹ̀kọ́ ni wọn a wá fi àwòrán ẹlẹ́rìn-ín kún un. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà afẹ́fẹ́ ti fa aṣọ funfun tí wọ́n fi ń gba àwòrán ya láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan bọ́ sílẹ̀ nínú mọ́tò, ó ń wá aṣọ funfun kiri bí ẹni tí ìyàwó rẹ̀ ń rọbí.

Bàbá mi lọ ṣe ìpàdé ṣọ́ọ̀ṣì ní Ìbàdàn. Mo wọlé, mo ká aṣọ ibùsùn wọn, mo gbé e fún un.

“Ẹ ṣeun, Míìsì,” ó ní. “Wándé ni mò ń jẹ́. Bí aṣọ yìí bá bàjẹ́, èmi ni kí ẹ tẹ́ sórí ibùsùn.”

Mo ní kó lọ ṣe iṣẹ́ rẹ̀.

Nígbà tí ilẹ̀ ṣú díẹ̀, wọ́n tan iná sí aṣọ bàbá mi. Fíìmù àtijọ́ ni, kò ní ohùn rárá. Òyìnbó kan tó rí ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, tí fìlà rẹ̀ kò gba orí rẹ̀, ń gun àkàbà. Ẹnu rẹ̀ ń mì, a kò gbọ́ nǹkan kan. Wándé ló dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ náà, ó ń bá a fọhùn.

“Ẹ̀yin ará Ìrókò, Ámósì lorúkọ mi! Àna mi ní àfi bí mo bá tún òrùlé wọn ṣe kí wọ́n tó fún mi níyàwó. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, àna mi yìí kan náà ló di àkàbà mú!”

Àkàbà yẹ̀. Ámósì já sínú agbada omi. Wándé pariwo pé, “Mo ti mọ̀! Mo ti mọ̀ pé wọn ò fẹ́ràn mi!”

A rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú wa. Ṣùgbọ́n ojú mi kò sí lára Ámósì, ara ẹni tó yá a ní ohùn ló wà.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ó gbé aṣọ náà wá, ó ti fọ̀ ọ́, ó sì ká a dáadáa.

“Ẹ káàárọ̀, Míìsì. Ámósì ní kí n kí yín. Ó ní òun ò sùn sórí aṣọ tó mọ́ tó báyìí rí.”

“Ẹ sọ fún un pé kó má wọ bàtà sùn níjọ́ mìíràn.”

Ó dúró, kò lọ. Èmi náà kò wọlé. Bí ọ̀rọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Lóṣooṣù ni mọ́tò wọn ń gba ọ̀nà Akínyẹlé kọjá. Wándé a sì yà lábẹ́ igi ọsàn ilé ìwé wa lẹ́yìn tí àwọn ọmọ bá ti lọ. Ọmọ Egbeda ni, Áńgílíkà ni wọ́n. Kò pẹ́ tí a ti ń sọ ọ̀rọ̀ ara wa, síbẹ̀ Ámósì kì í kúrò láàárín. Òyìnbó tó kọ́kọ́ jẹ́ ọ̀gá wọn ti fi ìwé ìròyìn kan sílẹ̀ fún un, níbi tí wọ́n kọ ìgbésí ayé ọkùnrin náà sí.

Wándé ní ọmọ ẹni tó ń tún bàtà ṣe ni Ámósì Tólífà. Kí ogun àkọ́kọ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní Yúróòpù ló ti wọ iṣẹ́ sinimá, nígbà tí wọ́n ń san owó fún un nítorí pé kò bẹ̀rù àtiṣubú. Ó ṣubú lórí ẹṣin, ó ṣubú lórí òrùlé, ó bọ́ láti inú rélùwéè. Ayé gbọ́ orúkọ rẹ̀. Ó kọ́ ilé ńlá, ó gbé arẹwà obìnrin níyàwó. Nígbà tó ṣe, wọ́n wá ọgbọ́n fi ohùn sínú sinimá. Ohùn Ámósì kéré bí ohùn ọmọ ẹyẹ. Ibi tí kò ti fẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín ni wọ́n ti ń rẹ́rìn-ín. Iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó mú ìgò, ìyàwó rẹ̀ kó ẹrù jáde. Níkẹyìn ó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń gbé àwòrán rẹ̀ kọ́ sára ògiri tẹ́lẹ̀.

“Níbo ló wà báyìí?” mo bèèrè.

“Ó kú. Ọdún tí wọ́n bí mi gan-an ló kú, 1934. Nígbà mìíràn tí mo bá ń bá a sọ̀rọ̀, ó máa ń ṣe mí bí ẹni pé ohùn tí wọ́n fi dù ú ni mo mú wá.”

Ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn. Mo gbọ́ ọ pẹ̀lú etí mi méjèèjì.

Nígbà tí Wándé ní òun fẹ́ wá tọrọ mi, Àǹtí Àjíkẹ́ ló ṣe alárinà. Mo wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn nígbà tí wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà ka iwájú bàbá mi.

“Kí ni iṣẹ́ rẹ̀?” bàbá mi bèèrè.

“Ó ń bá sinimá sọ̀rọ̀.”

“Sinimá náà ń dá a lóhùn?”

“Ẹ̀gbọ́n mi, ìjọba ló ń san owó oṣù fún un. Bó bá ń bá ògiri sọ̀rọ̀, tí wọ́n bá ṣá ti ń sanwó, kí ló kàn wá?”

“Ó kàn mí. Gàfárù tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe sọ fún mi pé àwọn tó wà nínú sinimá àtijọ́ yẹn, wọ́n ti kú tán. Ọkùnrin tó jó lórí aṣọ tí mo ń sùn lé, ó wà láàyè àbí ó ti kú?”

“Ha! Ṣé èmi ni mo bí i ni?”

Bàbá mi kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, “Àjíkẹ́, ìwọ mọ ilé tí wọ́n ti bí wa. Ilé eégún ni. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni mí nígbà tí wọ́n wọ mí láṣọ, tí mo ń fi ohùn òkú bá opó kan sọ̀rọ̀. Obìnrin náà kúnlẹ̀, ó ń sunkún, ó ń pè mí ní ọkọ rẹ̀. Ẹkún yẹn ló lé mi dé ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ti búra níwájú Olúwa pé ẹni tó ń yá òkú lẹ́nu kò ní jẹ nínú ilé mi mọ́.”

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì wọ́n pè mí. Wọ́n jókòó lórí àga wọn, wọ́n bọ́ gíláàsì ojú wọn.

“Ọmọ́ṣọlá, o ò purọ́ fún mi rí. Nǹkan kan ṣoṣo ni mo fẹ́ bi ọ́. Bó o bá ti dá mi lóhùn, mi ò ní bi ẹlòmíràn. Ámósì yẹn, ó wà láàyè?”

Mo mọ̀ pé bí mo bá ní rárá, Wándé ti lọ nìyẹn. Mo mọ ojú tí bàbá mi fi ń wò mí pẹ̀lú, ojú ẹni tó ti gbà mí gbọ́ kí n tó sọ̀rọ̀.

“Ó wà láàyè, Bàbá.”

Àkùkọ kan kọ lẹ́yìn ilé wa ní ọ̀sán gangan.

“Orúkọ wòlíì ló ń jẹ́,” bàbá mi ní. “Irú ẹni wo ni?”

Mo ròyìn rẹ̀ fún wọn: ohùn rẹ̀, ẹ̀rín tí wọ́n fi í rín, ìgò, ìyàwó tó lọ. Òótọ́ ni mo sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ìparí, àfi ikú nìkan. Omi lé sójú bàbá mi. Wọ́n ní, “Ó ṣe o. Ní ọjọ́ ogbó rẹ̀.” Wọ́n sì ní kí Wándé máa bọ̀.

Mo rò pé ọ̀rọ̀ tán. Ní ìdájí ọjọ́ kejì a péjọ fún àdúrà ilé bí a ti máa ń ṣe. Bàbá mi gbàdúrà fún ìjọ, fún oko, fún àwọn opó. Nígbà náà ni wọ́n ní:

“Olúwa, rántí Ámósì, ọmọ rẹ ní Amẹ́ríkà, tí ayé gba iṣẹ́ lẹ́nu rẹ̀. Gba ìgò lọ́wọ́ rẹ̀. Fún un ní iṣẹ́ tí kò ní ojútì nínú. Dá aya rẹ̀ padà fún un.”

Àǹtí Àjíkẹ́ ṣe àmín kíkan. Èmi kò lè ṣe é.

Ẹ̀yin Onítẹ̀bọmi tó ń ka ìwé yìí mọ ohun tí mo ṣe. A kì í gbàdúrà fún òkú. Bàbá mi fúnra wọn ti wàásù lé e lórí ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Nísinsìnyí, láràárọ̀, lórí eékún wọn, nítorí ọ̀rọ̀ mẹ́ta tí mo sọ, wọ́n ń gbé òkú ka iwájú ìtẹ́.

Lọ́jọ́ tí àwọn ará Egbeda wá ṣe ìdána, inú bàbá mi dùn. Wọ́n di ọwọ́ Wándé mú, wọ́n ní, “Àna mi, n kì í ṣe irú àna inú sinimá yẹn o. N kò ní ti àkàbà. Ẹ kí Ámósì fún mi bí ẹ bá ń kọ̀wé sí i. À ń gbàdúrà fún un kí ọjọ́ alẹ́ rẹ̀ lè dára.”

Wándé wò mí. Mo wolẹ̀.

“Ẹ ṣeun, Bàbá,” ó ní.

Lẹ́yìn tí àlejò lọ, ó bá mi lẹ́yìn ilé. “Ọmọ́ṣọlá, kí lo sọ fún wọn?”

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún wọn. Bí wọ́n bá mọ̀, ó parí.”

“Ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn ni mo ti ń sọ láti ọjọ́ yìí. N kò ì purọ́ rí.”

“Ẹ bá mi gbé e. Ẹ̀yin nìkan ni mo ní.”

Ó gbà, nítorí pé ó fẹ́ràn mi. Ẹ̀ṣẹ̀ kejì nìyẹn.

A ṣègbéyàwó ní ọdún 1959, a lọ ń gbé ní Egbeda. Ayé wa dùn fún ọdún mẹ́ta. Ọlọ́run fún wa ní ọmọbìnrin kan, Olúfúnmi. Àfi pé nígbàkigbà tí a bá lọ kí bàbá mi, Wándé kì í fẹ́ sùn mọ́jú. Kò fẹ́ gbọ́ àdúrà àárọ̀.

Ní ọdún 1962, fíìmù tuntun dé ibi iṣẹ́ wọn. Wọ́n ti fi èdè Yorùbá sí i láti Ìbàdàn. Ọ̀gá wọn pe Wándé, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní ẹ̀rọ ti ń sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀ báyìí. Wándé délé, ó jókòó lórí àpótí, ó ń rẹ́rìn-ín.

“Ọmọ́ṣọlá, wọ́n ti ṣe mí bí Ámósì.”

Ẹ̀rín náà kò pẹ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í mu ògógóró. Ọkùnrin tó lè pa gbogbo ìlú lẹ́rìn-ín di ẹni tí kì í bá ọmọ tirẹ̀ sọ̀rọ̀. Nígbà tí mo bá a wí, ó dáhùn pé, “Ṣé ọtí lo rò pé mò ń mu? Ohun tó o ní kí n bá ọ gbé ló há mi lọ́fun, mo ń wá ohun tí màá fi tì í wálẹ̀.”

Ní ọdún 1963, mo gbé Olúfúnmi, mo padà sí Ìrókò. Mo sọ fún bàbá mi pé mo kàn wá sinmi ni. Àǹtí Àjíkẹ́ wo àpótí mi, wọ́n ní, “Ìsinmi yìí mà wúwo o.” Ṣùgbọ́n wọn kò bi mí.

Ìdájí àkọ́kọ́ tí mo lò níbẹ̀ ni ìdájọ́ mi bẹ̀rẹ̀. Bàbá mi kúnlẹ̀, wọ́n ní, “Olúwa, rántí Ámósì. Gba ìgò lọ́wọ́ rẹ̀. Fún un ní iṣẹ́ tí kò ní ojútì nínú. Dá aya rẹ̀ padà fún un.” Mo kúnlẹ̀ níbẹ̀, èmi aya tó kó ẹrù jáde, mo fi etí mi gbọ́ bí wọ́n ṣe ń gbàdúrà ọkọ mi lé orí ẹni tó ti jẹrà. Ó yẹ kí n dìde, kí n sọ pé, Bàbá, Wándé ni o. N kò lè sọ ọ́. Bí mo bá tú ìkan, gbogbo rẹ̀ ló máa tú.

Oṣù mẹ́rin ni mo fi gbọ́ ọ.

Ní oṣù karùn-ún, ní ọjọ́ Sátidé kan, mo ń ṣa ẹ̀wà ní ìta nígbà tí mo rí ẹni tó ń bọ̀. Ó ti rù, ẹ̀wù rẹ̀ mọ́, ojú rẹ̀ mọ́.

“Míìsì,” ó ní, “aṣọ funfun ni mò ń wá.”

N kò mọ ìgbà tí ẹkún bọ́ lójú mi. Ó sọ fún mi pé òun ti fi ọtí sílẹ̀. Ó ti rí iṣẹ́ pẹ̀lú: ó ń kọ́ àwọn àgbà ní ìwé kíkà ní Egbeda. Ó ní ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan òun gbé ìgò, ọwọ́ òun kọ̀ ọ́, òun kò sì mọ ìdí. Èmi mọ̀ ọ́n.

A jọ padà sílé. A láyọ̀. Bàbá mi ń bá àdúrà wọn lọ.

Ní ọdún 1967, nígbà tí rédíò kò sọ nǹkan mìíràn mọ́ ju ogun lọ, wọ́n ránṣẹ́ pè mí. Ẹsẹ̀ ti ń dùn wọ́n, wọn kì í lè lọ sóko mọ́. Wọ́n ní kí n mú ìwé àti kálámù.

“Mo fẹ́ kọ̀wé sí ọ̀rẹ́ mi kí ọ̀kan nínú wa tó kú. Ìwọ ló gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Mo fẹ́ kó mọ̀ pé ẹnì kan wà ní Ìrókò tí ń pe orúkọ rẹ̀ láràárọ̀. Bóyá kò sí ẹni tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún un ní ìlú tirẹ̀. Kọ ọ́ báyìí pé: Ámósì ọ̀wọ́n, o kò mọ̀ mí...”

Mo kọ orúkọ náà. Kálámù dúró. Bàbá mi ń fi sùúrù dúró dè mí, bí ẹni tí kò fẹ́ já okùn ọ̀rọ̀ tíṣà.

Mo sọ̀ kalẹ̀ lórí àpótí, mo kúnlẹ̀.

“Bàbá, ó ti kú. Ó ti kú láti 1934. Mo mọ̀ lọ́jọ́ tí ẹ bi mí. Nítorí kí ẹ lè fún mi ní Wándé ni.”

N kò lè gbójú sókè. Mo sọ gbogbo rẹ̀ tán: iṣẹ́ tó bọ́, ògógóró, oṣù mẹ́rin tí mo pè ní ìsinmi.

“Oṣù mẹ́rin yẹn,” wọ́n ní, “ta ni mò ń gbàdúrà fún?”

“Ámósì ni, Bàbá.”

“Ọlọ́run mọ orúkọ tó yẹ kí n pè. Ìwọ náà mọ̀ ọ́n. Èmi nìkan ni mi ò mọ̀.” Ohùn wọn kò le, ìyẹn ló pa mí. “Mo sá kúrò nílé baba mi nítorí òkú, Ọmọ́ṣọlá. Ìwọ lo mú mi padà síbẹ̀.”

Ní ọjọ́ mẹ́ta tó tẹ̀lé e, kò sí àdúrà àárọ̀ nílé wa. Irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ rí láti ìgbà tí mo ti dáyé. Bàbá mi a jókòó lórí àga wọn, wọn a wo ọwọ́ wọn. Wándé gbọ́, ó wá, ó dọ̀bálẹ̀, ó ní òun náà mọ̀ sí i. Bàbá mi wo ẹ̀yìn orí rẹ̀ títí, wọ́n wá bi í pé, “Ìgò yẹn, ṣé o tún ti fọwọ́ kàn án?”

“Rárá, Bàbá. Láti ọdún mẹ́rin.”

“Dìde.”

Ní ìdájí ọjọ́ kẹrin, agogo ilé dún. Gbogbo wa péjọ, Wándé náà kúnlẹ̀. Bàbá mi gbàdúrà fún ìjọ, fún oko, fún àwọn opó, fún àwọn tó wà lójú ogun. Wọ́n dé ibi tí orúkọ yẹn máa ń wà.

“Olúwa, rántí...”

Mo gbọ́ mími Àǹtí Àjíkẹ́.

“Rántí Ọmọ́ṣọlá ọmọ mi, tí ó purọ́ fún mi nítorí ìfẹ́. Gba irọ́ lẹ́nu rẹ̀. Má gba ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.”

Mo ṣe àmín. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún mẹ́sàn-án, mo ṣe é.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń gbà á títí wọ́n fi lọ. Nígbàkigbà tí mo bá sùn nílé wọn, mo gbọ́ ọ, irọ́ mi àti orúkọ mi pọ̀ ní gbólóhùn kan, níwájú gbogbo ará ilé. Wọn kò yọ irọ́ náà kúrò rí. Wọn kò sì yọ orúkọ mi. Ìwé tí mo fi kọ Ámósì ọ̀wọ́n ṣì wà nínú Bíbélì mi. N kò lè fi í ránṣẹ́, n kò sì lè sun ún.

Ẹ gbọ́ bí Wándé ti ń húkọ́. Ohùn ṣì wà lẹ́nu rẹ̀, Olúwa kò sì tíì gbà á lọ́wọ́ mi.

Ìwọ tó kà á dé ìhín, kí Olúwa má jẹ́ kí o fi irọ́ ra ohun tí òun ti fẹ́ fi fún ọ lọ́fẹ̀ẹ́. Bí o bá sì ti rà á, kí ó fún ọ ní ẹnu láti jẹ́wọ́ nígbà tí etí tó yẹ kó gbọ́ kò tíì di. Kí ẹni tí o fẹ́ràn dàgbà mọ́ ọ lọ́wọ́. Kí ẹnì kan wà níbìkan tí yóò máa pe orúkọ rẹ ní ìdájí, kí ó sì jẹ́ orúkọ rẹ gan-an. Àmín.